Ẹ Tún Un Wí Kí N Gbọ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní etí, tó sì fún mi ní iṣẹ́ tí mò ń fi etí náà ṣe. Mo dúpẹ́ nítorí àwọn èrò bàálù kan tí wọn kò mọ̀ títí di òní pé ìtìjú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kó wọn sí ewu. Ẹ bá mi dúpẹ́ ná, kí n tó sọ bó ṣe jẹ́.

Ìlóro ni wọ́n bí mi sí. Olùkọ́ ìjọ ni bàbá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Ládùúgbò wa, bí àgbà bá ti ní "ó yé mi", ọ̀rọ̀ parí. Ọmọ tó bá tún ní kí àgbà sọ ohun tó yé e, wọ́n á ní kò ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìwà yìí ni mo gbé dé ilé ìṣọ́ pápákọ̀ òfurufú, níbi tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi rédíò darí bàálù tó fẹ́ gbéra.

Kí bàálù tó sáré lọ, a ó sọ fún awakọ̀ rẹ̀ ibi tí yóò yà sí àti bí yóò ṣe ga tó. Awakọ̀ náà gbọ́dọ̀ tún gbogbo rẹ̀ wí fún wa. Bí kò bá tún un wí, kò gbọdọ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ọ́. Èmi ni mo yí i sí Yorùbá níbí.

Ọjọ́ ìdánwò mi dé, èyí tí mo gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó lè fún mi níwèé àṣẹ láti dá ṣiṣẹ́. Ọ̀gá mi obìnrin jókòó tì mí, ó ń gbọ́ ohun tí mò ń gbọ́. Awakọ̀ tó kàn jẹ́ bàbá àgbà kan, ọmọ Ìjerò, tó máa ń kí mi bí ọmọ rẹ̀ nígbàkúùgbà tó bá rí mi. Mo ní kó yà sọ́tùn-ún, kó gòkè dé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹsẹ̀ bàtà, kó má kọjá ibẹ̀, nítorí bàálù mìíràn ń bọ̀ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

"Ó yé mi, ọmọ mi. O ṣeun."

Mo mọ̀ pé kò tún un wí. Ṣùgbọ́n bí ìgbà tí wọ́n di ẹnu mi ni. Mo ti fẹ́ ní kó máa lọ nígbà tí ọ̀gá mi yọ ọwọ́ mi kúrò lórí bọ́tìnnì, tó sì bọ́ sórí rédíò fúnra rẹ̀.

"Gíga wo lo gbọ́?"

"Ẹgbẹ̀rún márùn-ún."

Iye tí wọ́n máa ń fún un lójoojúmọ́ ló wà lọ́kàn bàbá náà. Ọ̀gá mi tún un ṣe, bàálù lọ láyọ̀. Ó wá yíjú sí mi. "Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí o tún ìdánwò ṣe. Bí o bá tún ṣe báyìí, wá iṣẹ́ mìíràn lọ."

Mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Bàbá mi ń yí kòkó lójú oòrùn. Mo sọ ohun gbogbo fún un, mo sì ní, "Bàbá, àgbà ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kó tún un wí?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fíkà, àlùfáà tí mo bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, mo lè bí i lọ́mọ. Kí n tó gun kẹ̀kẹ́, á ní, 'Bàbá, ẹ tún iṣẹ́ tí mo rán yín wí.' Inú bí mi lọ́jọ́ kan. Mo ní ó yé mi, mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ, mo sì lọ jẹ́ ẹ fún ìjọ Ìkòrò dípò ti Ìlóro. Ṣé o mọ̀ pé Ìkòrò múra Ìdàpọ̀ Mímọ́, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun, wọ́n jókòó, tí fíkà sì wà ní Ìlóro níbí, tó ń retí ìjọ?"

"Ta ni wọ́n bá wí?"

"Fíkà ni! Wọ́n ní ọmọdé ń ṣe é. Kò sì dárúkọ mi. Láti ọjọ́ náà, kó tó bi mí ni mo ti ń tún un wí." Ó na ìfakòkó sí mi. "O fẹ́ bọ̀wọ̀ fún bàbá yẹn? Jẹ́ kó padà dé ulé rẹ̀ láàyè."

Ìdánwò kejì pé. Ohùn kan náà ló tún wọlé. Mo sọ tèmi tán.

"Ó yé mi, ọmọ mi."

"Ẹ tún un wí kí n gbọ́."

Ọ̀gá mi kò wò mí. Lẹ́yìn náà bàbá náà kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀, apá ọ̀tún, gíga, òǹkà tí a fi ń pe bàálù rẹ̀, kò sí èyí tó ṣì. Ó wá fi kún un pé, "Tíṣà ti dé o!"

Mo ní kó máa lọ. Mo wò ó títí ó fi wọnú kùrukùru. Ọ̀gá mi fa ìwé mi, ó fọwọ́ sí i.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù. "Bàbá, mo yege."

"Tún un wí kí n gbọ́."

Mo tún un wí. Ó ní kí n tún un wí lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, ọkọ̀ tó bá gbé yín jáde yóò gbé yín padà. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ̀nà yín kò ní tijú láti bèèrè, ẹ̀yin náà kò sì ní bínú láti dáhùn. Ọlọ́run yóò gbọ́ tiyín nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá pè é. Àmín.