Tú-u-palẹ̀ àti Páálí Olójú Mẹ́fà

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Tú-u-palẹ̀, ọjọ́ tó pa ara rẹ̀ dé mọ́nú táǹkì omi ni ará àdúgbò máa kọ́kọ́ sọ. Alágbẹ̀dẹ páànù ni. Nítorí òjò, inú pálọ̀ ló ti ṣe táǹkì ọ̀hún. Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, wo táǹkì, ó wo ilẹ̀kùn.

"Baálé mi, ibo ló máa gbà jáde?"

"Ohun tó bá dìde dúró, ó ti sùn gbalaja rí. Màá tú u palẹ̀."

Ó tú u lóòótọ́. Ìsàlẹ̀, òkè, ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní, wọ́n sì gbé e jáde. Ní ìta, ó tún un ká, ó ń fi òòlù lu etí páànù mọ́ra. Kò pẹ́, aránṣọ gbọ́ gbàù-gbàù.

"Inú ni mo wà! Lọ pe alágbẹ̀dẹ!"

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni alágbẹ̀dẹ ni?"

"Pe òmíràn. Èyí ò lè jáde."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí. Ó ní ẹni tí kò bá tíì tú nǹkan palẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Àna rẹ̀ bọ́ fìlà sílẹ̀ kó lè mu omi. Kó tó gbé ife kúrò lẹ́nu, fìlà ti di ègé aṣọ méjì lórí tábìlì.

"Ẹ wò ó, àna mi! Róbótó kan, tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Gbogbo iyì yín nìyí!"

Aránṣọ ló rán an padà, tòun ti ẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí àyà ń dùn ún, dókítà gbé fọ́tò egungun rẹ̀ síwájú iná. Inú bàbá dùn dẹ́yìn.

"Dókítà, ẹ ti tú mi palẹ̀! Ẹ̀yìn mi wá dà?"

Orí ibùsùn àìsàn yẹn ló ti bá ìyàwó rẹ̀ jiyàn kẹ́yìn. Ó ní ọ̀nà mọ́kànlá ni páálí olójú mẹ́fà tó dọ́gba lè gbà tẹ́ sílẹ̀, láìjẹ́ kí ojú kankan já. Aránṣọ gé ìwé títí, mẹ́wàá ló rí.

"Mẹ́wàá ni. Ẹ má tàn mí."

"Mọ́kànlá ni. Wá a."

Kò sọ èyí tó kù fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ mú ìwé àti sísọ́ọ̀sì. Ojú mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀, èyí tó kẹ́yìn lókè kan èyí àkọ́kọ́ nísàlẹ̀. Ó ká a. Ó pé pérépéré! Ó fò dìde, ó sáré dé yàrá.

"Baálé mi, mọ́kànlá ni o!"

Kò sẹ́nì kankan lórí ibùsùn. Ó jókòó sí etí rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di omijé. Nígbà tó ṣe, ó gbé páálí kékeré náà sórí ìrọ̀rí, ó rọra fọwọ́ pa á lórí.

"Ẹ ti jàre mi, olóríkunkun."