Bí Wá-Lọ́la Ṣe Rán Iná Kérésìmesì

Télọ̀ ni ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ ládùúgbò wa, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ ọ́n. Wá-Lọ́la ni gbogbo ayé ń pè é. Bí o bá gbé aṣọ lọ fún un lónìí, yóò wò ọ́ lójú, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò ní, "Wá lọ́la." Bí o bá dé lọ́la, ọ̀la mìíràn ti wà nílẹ̀. Síbẹ̀ àwọn èèyàn kò yé gbé aṣọ wá, torí pé nígbà tí aṣọ náà bá parí, ńṣe ni yóò dúró lára oníaṣọ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ó jẹ mí ní síkẹ́ẹ̀tì kan láti ìgbà tí ìdí mi ṣì kéré. Mo ti dárí jì í. Síkẹ́ẹ̀tì náà kò lè wọ̀ mí mọ́, kí ló wá kù tí mo fẹ́ máa bínú sí?

Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́, òun ló máa ń dá orin nílé wa. Bí ìrọ̀lẹ́ Kérésìmesì bá ti dé, yóò dúró ní fàráńdà, àwọn ará àdúgbò yóò pé jọ síwájú ilé, orin tí ìyá wa kọ́ wa ni yóò sì dá fún wọn. Ní ìlà kẹta orin náà, ibì kan wà tó máa ń fà gùn. Ìwé orin kò ní kó fà á, kò sí ẹni tó rán an níṣẹ́. Yóò fà á, yóò fà á, títí èémí yóò fi tán nínú gbogbo wa, àwọn ọmọdé yóò bú sẹ́rìn-ín, yóò wá sinmi díẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Bí a bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Kí lẹ ń sáré fún? Ṣé Kérésìmesì ń sá lọ ni?"

Lẹ́yìn náà ni ibà kan dé tó dá a dùbúlẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ibà náà kó etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà, ohun tí àwọn àgbà wí nìyẹn, ojú náà ló sì fi ń gbọ́ wa báyìí: yóò tẹjú mọ́ ẹnu ẹni, yóò sì mọ ohun tó ń sọ. Èyí tí ẹnu kò bá lè sọ yé e, ọkọ rẹ̀ yóò fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí tábìlì dúdú tó ti ń gé aṣọ. Bí o bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọn ní iwájú ilé, o lè bá "Iyọ̀ ti tán" lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ṣòkòtò ẹni ẹlẹ́ni.

Ṣùgbọ́n kò kọrin mọ́. Ní Kérésìmesì tó tẹ̀lé àìsàn náà, ó dúró díẹ̀ láàárín wa, ó ń wo ẹnu wa kiri bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ sọnù láàárín èrò, ó sì wọlé lọ, ó ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá a wọ yàrá, ó ní, "Mi ò mọ ibi tí ẹ dé nínú orin náà. Ẹnu yín pọ̀ jù, mi ò mọ èyí tí mo lè tẹ̀ lé." Láti ìgbà náà, bí Kérésìmesì bá ti dé, orí á bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn Wá-Lọ́la. Mo mọ̀, nítorí ọkùnrin náà kì í gbàgbé nǹkan kan àfi ọjọ́ tó dá fún oníbàárà.

Lọ́dún tó kọjá ló wá bá mi ní ọ́fíìsì tí mo ti ń tẹ ìwé, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀ bí ìgbà gbogbo. Ó jókòó, kò mu omi tí mo gbé fún un.

"Àna mi, wọ́n ní kọ̀ǹpútà lè máa tan iná kó sì máa pa á bí orin bá ṣe ń lọ. Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ máa rí ibi tí orin dé. Kó jáde nínú yàrá yẹn. Bí èyí kò bá mú un jáde, mi ò mọ ohun mìíràn tí mo tún lè ṣe."

Mo ti la ẹnu láti béèrè síkẹ́ẹ̀tì mi. Mo pa á dé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọkùnrin yìí bí wọ́n ṣe ń ṣe iná, nítorí náà bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ ló ṣe é. Ó gun àkàbà, ó fi téèpù ọrùn rẹ̀ wọn ilé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára ògiri. Etí òrùlé ló pè ní èjìká. Òpó fàráńdà méjèèjì ni apá ọ̀tún àti apá òsì, fèrèsé ni àpò, ẹnu ọ̀nà ni ọrùn. Ó ya gbogbo rẹ̀ sórí irú bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó sì pín okùn iná fún ibi kọ̀ọ̀kan. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa kọjá, ó rí i lórí àkàbà, ó dúró.

"Wá-Lọ́la! Ṣé ṣòkòtò lẹ fẹ́ rán fún ilé ni àbí kóòtù? Kóòtù tèmi ńkọ́?"

"Ẹ wá lọ́la, sà."

Ẹ̀gbọ́n mi náà jáde wá wò wá. Ó béèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ ń wá lórí òrùlé. Ọkọ rẹ̀ ní iná Kérésìmesì lásán ni. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹnu rẹ̀, ó wo ẹnu mi, ó ní, "Irọ́ wà lẹ́nu ẹ̀yin méjèèjì," ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Òun ló ń lu ihò bọ́tìnnì ní ṣọ́ọ̀bù náà.

Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi àtijọ́ wá. Okùn iná kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, wáyà kọ̀ọ̀kan sì wọ ojú ihò tirẹ̀ lára àpótí kékeré kan tí a rà. Àpótí yìí ló ń gba àṣẹ lẹ́nu kọ̀ǹpútà. Lójú kọ̀ǹpútà, orin náà yóò hàn bí ìlà gígùn. Ibi tí o bá tẹ̀, níbẹ̀ ni iná yóò ti tàn, ibi tí o bá tún tẹ̀, níbẹ̀ ni yóò ti kú. Mo ṣàlàyé títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Lójijì Wá-Lọ́la lu tábìlì, ó ní, "Ṣé abẹ́rẹ́ ni! Ibí yìí ni mo ti máa gún un wọlé, ibí yìí ni mo ti máa fà á jáde." Láti ìgbà náà, bó bá ti jókòó ti kọ̀ǹpútà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa lọ sókè sódò lábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń tẹ máṣíìnì. Mo ní kó dá ẹsẹ̀ dúró, ó ń dà mí láàmú. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá dúró, iṣẹ́ á dúró.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan án, ó gbàgbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ sójú iná kan náà. Fíúsì já, gbogbo ilé ṣókùnkùn, oníbàárà kan tó ń wọ ṣòkòtò wò sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo pé abẹ́rẹ́ ti gún òun níbi tí kò ṣeé sọ. A bẹ̀ ẹ́. A tún un ṣe.

Ní ti orin, inú fóònù ni Wá-Lọ́la ti gba èyí tí ẹgbẹ́ akọrin kan kọ. Orin ìyá wa gan-an ni, ohùn wọn dán, kò sí àléébù kankan. Ó gún iná mọ́ ọn lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú irú sùúrù tó fi ń ṣe ọrùn aṣọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, aṣọ Kérésìmesì àwọn ará àdúgbò ń di òkìtì lórí àga, ẹ̀rù sì ń bà mí pé wọ́n á lù wá pọ̀.

Nígbà tí Kérésìmesì kù sí dẹ̀dẹ̀, a gbé àga fún ẹ̀gbọ́n mi síta lẹ́bàá géètì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Wá-Lọ́la fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ orin náà sára àjákù aṣọ, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Ó kà á. Ojú rẹ̀ yí padà. Mo tẹ bọ́tìnnì, ọrùn ilé tàn, apá ọ̀tún tẹ̀lé e, apá òsì, àwọn àpò. Mo rí ètè ẹ̀gbọ́n mi tó bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ó ń bá iná lọ! Orí mi wú. Wọ́n dé ìlà kẹta, èjìká ilé tàn, ẹ̀gbọ́n mi fa ohùn tí kò jáde náà, ó ń fà á, iná sì ti fò kúrò níbẹ̀, ó ti padà sí ọrùn, ó ń bá tirẹ̀ lọ. Ètè rẹ̀ dúró. Ó wo ilé láti ibì kan dé ibì kan. Ó ti tún sọnù.

"Ta ló ń lé yín?" ó pariwo. Ó dìde, ó wọlé. A gbọ́ ilẹ̀kùn yàrá.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sórí àkàbà bí aṣọ tí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, ṣùgbọ́n inú tún ń bí mi, ẹnu mi kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ wọ̀n kí ẹ tó gé aṣọ yìí?"

Ó gbójú sókè. Gbogbo ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló mọ ohun tó máa ń wí: má gbára lé àwòṣe, wọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó ti wọn òpó, ó ti wọn fèrèsé, ó ti wọn àwọn akọrin tí kò rí rí. Kò wọn ìyàwó rẹ̀.

"Mi ò fẹ́ ní kó kọrin," ó ní. "Mò ń bẹ̀rù pé á sunkún."

"Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ lọ wọ̀n ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, mo ti jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù. Wá-Lọ́la pa gbogbo aṣọ tó wà lórí tábìlì rẹ̀ tì, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà: Mo fẹ́ wọ̀n ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣì rántí pé ìyàwó télọ̀ náà ń wọ aṣọ?" Ó dìde, ó na apá méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ bọ́ téèpù lọ́rùn, ó gbé e sílẹ̀, ó tún kọ ọ́: Ohùn rẹ ni.

Apá rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

"Ohùn mi ti bàjẹ́. Mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mi ò mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu mi."

Ọkọ rẹ̀ kọ ọ́ sábẹ́ ti àkọ́kọ́: Èmi ń gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi wá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé èjìká ọkọ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí lù ú jẹ́jẹ́, ó pajú dé, ó kọrin. Kí n má parọ́, ohùn náà ti ṣìnà. Ó ń lọ sókè níbi tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò yingin. Mo ń tẹ kọ̀ǹpútà tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká náà, lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó dé ìlà kẹta, ó fà á, ó fà á, ìka mi dúró lórí bọ́tìnnì títí èmi gan-an kò fi lè mí mọ́. Omi ojú ń ṣàn sórí bọ́tìnnì, mi ò gbé ìka kúrò. Mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò rò pé mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí nígbà tó ń gbọ́ràn.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ Kérésìmesì, àwọn ará àdúgbò pé síwájú ilé, àwọn kan nítorí orin, púpọ̀ nítorí aṣọ wọn. Awakọ̀ wọ kóòtù rẹ̀ tí wọn kò tíì rán parí wá, apá kan ṣoṣo ló ní, kí ojú lè ti Wá-Lọ́la. Ojú kò tì í. Ó dúró níwájú wọn, ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Kò sí orin inú fóònù o. Ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́. Ibi tí iná bá dé ni kí ẹ dé. Bí iná kò bá kúrò, kí ẹnikẹ́ni má kúrò."

Mo tẹ bọ́tìnnì. Ọrùn ilé tàn, wọ́n gbé e. Apá ọ̀tún, apá òsì, àpò. Ní ìlà kẹta, èjìká tàn, wọ́n fà á díẹ̀, wọ́n fẹ́ máa lọ. Èjìká kò kú. Àwọn tó ti lọ síwájú sáré padà, wọ́n di ohùn mú, awakọ̀ aláàbọ̀ kóòtù ń wá èémí kiri, àwọn ọmọdé bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn nínú orin ìyá wa.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n mi kẹ̀yìn sí ilé. Mo rò pé ó tún fẹ́ lọ ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó bọ́ síwájú wọn, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Iná ara ilé ń tàn sójú gbogbo wọn, ó sì ń rí ẹnu kọ̀ọ̀kan tó là sílẹ̀, tó ń dúró dè é. Ó la tirẹ̀, ó bá wọn fà á. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, iná èjìká kú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo àdúgbò sì mí.

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, tó ń sunkún ní gbangba, téèpù lọ́rùn. Ó pariwo sí i láàárín gbogbo èèyàn, bí ẹni tí kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀ ṣe máa ń pariwo:

"Mo mọ ibi tí a dé!"