Pòtétò Sístà

Ọjọ́ tí a wa pòtétò Sístà ní Ketu kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé. Nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ni, nígbà tí mò ń dáná fún àwọn Sístà ìjọ Àgùdà.

Àgbà inú wọn, ọmọ ilẹ̀ Áílándì tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, gbin pòtétò sẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ Ẹtì Rere, bí àwọn bàbá wọn tó jẹ́ àgbẹ̀ ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, ó ku ọjọ́ kan kí Sístà yìí padà sí Áílándì pátápátá, wọ́n sì fẹ́ jẹ nínú pòtétò náà kí wọ́n tó lọ.

Ṣùgbọ́n oòrùn ti pa gbogbo ewé rẹ̀, mo sì rò pé kò lè sí nǹkan kan nísàlẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo sáré lọ sí ọjà Mile 12, mo ra pòtétò Jos, mo sì rì í sínú ebè.

Mummy Táyọ̀ tó ń bá àwọn Sístà fọṣọ rí mi. “Ìwọ náà! Ọmọ àgbẹ̀ lo fẹ́ fi pòtétò ọjà tàn jẹ?”

Nírọ̀lẹ́, Sístà kúnlẹ̀, wọ́n fọwọ́ tú ebè. Pòtétò ńlá mẹ́ta jáde. Wọ́n wojú mi.

“Mama Bọ́sẹ̀, ta ló bá wa fọ̀ ọ́ nínú ilẹ̀?”

“Ẹ má bínú, Mile 12 ni mo ti rà á.”

Wọ́n ń wa ilẹ̀ lọ títí wọ́n fi fa ẹyọ kan jáde tí kò ju ẹyin ẹyẹlé lọ, gbòǹgbò ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

“Nílé wa, adìẹ là ń fún nírú èyí!”

A sè é tèèpotèèpo. Wọ́n gé e sí méjì, wọ́n fún mi ní ìdajì, wọ́n sì fa àga fún mi. Ọdún méje ni mo fi dáná fún wọn. Ọjọ́ yẹn nìkan ni a jọ jókòó jẹun.