Wọ́n Kọ Orúkọ Òkú Wa Sára Ilé Tí Àwọn Ọmọ Ń Sùn

Nangala ti kú. Orí àga tó máa ń jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọbìnrin ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ìjọba ló kú sí, bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Nangala tí mo pè é yìí, orúkọ ìran ni; àwọn tó ń jẹ́ ẹ láàárín àwa Warlpiri, onílẹ̀ aṣálẹ̀ yìí, pọ̀ bíi yanrìn. Orúkọ rẹ̀ gan-an, n kò ní í pè é. Ẹni tó bá kú láàárín wa, a kì í pe orúkọ rẹ̀ títí ọ̀fọ̀ á fi tán, kó lè rí ààyè lọ sinmi.

Àbúrò ìyàwó mi ni. Ní tiwa, èmi àti irú rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti máa bú ara wa, a kò sì fi ẹ̀tọ́ náà ṣòfò. Bó bá ti rí mi, á kígbe orúkọ ìran tèmi:

"Jungarrayi! Ìwọ arúgbó onímú gígùn yìí, o tún ti gbóòórùn oúnjẹ àwọn ọmọ?"

"Èmi? Mo wá wò ó bóyá o ti ń lẹ́wà ni. Ó ṣì ku díẹ̀."

"Jókòó síbẹ̀ kí n tó fi ìrù kangarú yìí gbá ọ létí!"

Ibi tó lọ́ràá jù nínú ìrù náà ni yóò sì gbé fún mi. Ta ni yóò bú mi báyìí? Ìyàwó mi ń ṣọ̀fọ̀, kò gbọdọ̀ la ẹnu, ọwọ́ nìkan ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ń dá mu tíì lẹ́yìn ilé, kò sẹ́ni tó rántí imú mi.

Àwọn ọmọ tó ń tọ́jú, ọ̀nà jíjìn nínú aṣálẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, torí kò sí ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́dọ̀ wa, àfi ní ìlú tí họ́sítẹ́ẹ̀lì wà. Wọn kò dá sùn rí láyé wọn. Nangala tẹ́ ibùsùn wọn mọ́ra nílẹ̀ bíi ti ilé, ó sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Òun ló ń dáná, òun ló ń fọṣọ, òun náà ló ń ṣọ́ wọn lóru. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Haslam wá láti ọ́fíìsì ìjọba.

"Ọ̀gá, ẹ fún mi lẹ́nì kan sí i. Oorun ń pa mí."

"Ẹ ní sùúrù, Mama. Owó ọdún yìí ti tán."

"Ti èṣí náà tán. Ṣé owó yín kì í dúró gbọ́ ẹjọ́ ni?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tó kú, owó dé! Ọ̀fọ̀ kò tíì tán tí wọ́n fi kun ògiri, tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ gan-an gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn. Haslam ṣí aṣọ tí wọ́n fi bo orúkọ náà, ó sì fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo orúkọ òkú. Àwọn obìnrin wa bú sẹ́kún, wọ́n di etí, wọ́n fa àwọn ọmọ jáde. Ó rò pé ẹkún ayọ̀ ni.

Mo ní, "Ọmọ mi, o ti lé wa kúrò nílé o."

"Báwo, Bàbá? Ọlá la bù fún un."

"A kò tíì fi èéfín ewé fín yàrá tó kú sí, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè máa lọ."

"Háà, ẹ má dáná níbẹ̀ o! Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èéfín á ké."

Ẹ gbọ́ o! Èéfín ní olùṣọ́. Àwọn ọmọ wa ńkọ́?

Nígbà tí ìsinmi ilé ẹ̀kọ́ parí, bọ́ọ̀sì wá kó àwọn ọmọ, òfìfo ló padà. Ìyá wo ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ sùn lábẹ́ orúkọ yẹn? Ọmọ-ọmọ mi tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú òkú, Kumanjayi la ń pè é báyìí, bí a ti ń pe gbogbo ẹni tí òkú bá mú orúkọ rẹ̀ lọ. Ó jókòó síwájú ilé, ó ń fi igi ṣe ìṣirò sínú yanrìn. Atẹ́gùn ń pa á rẹ́. Haslam sì ń sọ lórí rédíò pé ibùsùn ṣófo, àwọn ọmọ wa kò fẹ́ ìwé, nítorí náà ìjọba yóò dá owó họ́sítẹ́ẹ̀lì dúró.

Ta ló sọ ọ́ di òfìfo?

Ẹ̀yin ìjọba, ẹ wá ha orúkọ yẹn kúrò. Ẹ pa ẹ̀rọ yín lẹ́nu mọ́ fún ọ̀sán kan péré, kí a fín yàrá náà. Ẹ gba obìnrin méjì síbẹ̀, kí ọ̀kan lè sùn bí èkejì bá ń ṣọ́nà. Lẹ́yìn náà, ẹ wádìí ẹni tó sọ pé owó ti tán nígbà tí Nangala ń bẹ̀bẹ̀ fún oorun, kí ẹ mú un wá síwájú wa kó dáhùn.

Bó bá sì jẹ́ pé ọ̀dà yín ṣẹ́kù, orúkọ ẹni náà ni kí ẹ kọ sára ògiri. Ó ṣì wà láàyè. Òun la lè pe orúkọ rẹ̀.