Àwọn Fáìlì Tó Sọ Orúkọ Wọn Nù ní Ìkọ̀tún

Òórùn epo ẹ̀rọ àti ti aṣọ tuntun tí omi ò tíì kàn rí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tọkọtaya kan tí mo máa ń bá tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkọ̀tún. Kó o tó dé òkè, wàá ti máa gbọ́ àwọn ẹ̀rọ mónógíráàmù wọn tí wọ́n ń gún abẹ́rẹ́ lọ kẹ̀kẹ̀kẹ̀, bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Báàjì aṣọ ilé-ìwé ni wọ́n ń ṣe, àti ọrùn agbádá, àti aṣọ ẹgbẹ́ akọrin, àti fìlà àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọkọ, télọ̀ tó mọṣẹ́ dunjú. Ìyàwó rẹ̀ ló ń fi kọ̀ǹpútà ya gbogbo ọnà tí àwọn ẹ̀rọ ń gún. Èmi ò tíì lọ́kọ nígbà yẹn. Ọ̀kadà ni mo máa ń gùn kiri láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Ìgándò, pẹ̀lú báàgì irinṣẹ́ mi lẹ́yìn.

Ó ku díẹ̀ ká ṣe Iléyá lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí. Wọ́n pè mí láàárọ̀, mo gun àtẹ̀gùn, mi ò gbọ́ ìró kankan. Ìyàwó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó kọ ẹ̀yìn sọ́kọ. Ọkọ dúró létí fèrèsé, ó ń wo títì.

"Ẹ káàárọ̀ o. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bi Bàbá wọn," ìyàwó dá mi lóhùn. "Àwọn ló mọ̀ ọ́n."

Sáfà ni kò ṣí mọ́. Sáfà yìí ni kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀, tí gbogbo ọnà wà nínú rẹ̀, ibẹ̀ làwọn ẹ̀rọ ti ń mú èyí tí wọ́n bá fẹ́ gún. Wọ́n mú iná lọ lánàá, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ni èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú lára wáyà. Ọkọ kàn sáré fa gbogbo wáyà yọ lára ògiri ni, nígbà tíyàwó ṣì ń tọ́jú iṣẹ́ sínú sáfà. Ó ti gbé Ìjẹ̀gùn rí, níbi tí páìpù epo ti gbiná tó pa èèyàn, ẹni tó bá sì ti gbé Ìjẹ̀gùn kì í fojú kékeré wo iná.

"Ṣé kí ilé jó ni?" ó bi mí, bí ẹni pé èmi ni mo fẹjọ́ sùn.

"Ta ló ní kí ilé jó?" Ògiri nìyàwó ń bá sọ̀rọ̀. "Ẹ ṣáà lè pè mí, kí n pa á bó ṣe yẹ."

Èyí tó dùn ún jù ni pé ọkọ ti pe ẹnì kan ní Ìyànà Ìpájà lórí fóònù, onítọ̀hún sì ní kí wọ́n nu gbogbo inú díìsìkì sáfà náà nù, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yẹn látìgbà tí wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ní ká nù nù!

Mo tan sáfà. Ojú rẹ̀ ṣú, àwọn lẹ́tà funfun kan jáde, wọ́n ní àwọn ò rí ibi táwọn máa ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn pé díìsìkì dà bíi yàrá tí ẹrù kún inú rẹ̀, tó ní ètò tó fi mọ ibi tí ẹrù kọ̀ọ̀kan wà àti orúkọ rẹ̀. Ètò yẹn ló dàrú. Ó ṣeé ṣe kí ẹrù ṣì pé síbẹ̀.

"O ò ní bà á jẹ́ síwájú sí i?" Ohùn ọkọ ti rọ̀ díẹ̀.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án rárá, sà. Ẹ̀dà rẹ̀ ni màá ṣiṣẹ́ lé lórí."

Mo so díìsìkì mìíràn mọ́ ọn, mo ní kó da gbogbo nǹkan kọ síbẹ̀. Ọkọ lọ kírun Àyìlá, ó padà dé, kò tíì parí. Ìyàwó ra búrẹ́dì àti ẹ̀wà àgànyìn fún wa. "Sọ fún Bàbá wọn pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀," ó ní. Ọkọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ní, "Sọ fún un pé mo ti gbọ́." Mo ṣe bí ẹni tí ata ń ta, kí n má baà rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ẹ̀dà parí, mo kọ́kọ́ ní kí irinṣẹ́ àyẹ̀wò kàn yẹ̀ ẹ́ wò láìtún nǹkan kan ṣe. Ojú ìwé àkọ́kọ́, tí ètò náà fi ń mọ ara rẹ̀, ló bàjẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é gbọ́n, wọ́n máa ń fi ẹ̀dà ojú ìwé yẹn pa mọ́ káàkiri inú díìsìkì. Mo júwe ọ̀kan fún irinṣẹ́ náà. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí: ṣé kí n tún èyí ṣe? Tún un ṣe. Èyí ńkọ́? Òun náà. Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí tó fi sọ pé òun ti parí.

"Ó ti ṣí!" ìyàwó fò dìde. Àmọ́ ìgbà tó wo ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ máa ń wà, òfìfo ni. Inú àpò kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀ wà, níbi tí irinṣẹ́ náà máa ń kó fáìlì tí kò mọ ilé rẹ̀ sí. Orúkọ wọn ti lọ pátápátá, kìkì nọ́ńbà ló kù. Omi lé sójú rẹ̀. "Èwo wá ni èwo báyìí?"

Mo ní ká ṣí ọ̀kan wò. Ewé tó lọ́ mọ́ra wọn ló jáde, pẹ̀lú òdòdó wẹ́wẹ́.

"Ìyá Gowon Estate nìyẹn," ọkọ sọ lẹ́yìn wa. "Ìyá tó ní òun ò fẹ́ ẹyẹ lára aṣọ òun."

Ìyàwó yíjú sí i, ìgbà àkọ́kọ́ látàárọ̀. "Ẹ rántí?"

"Ta ló jókòó tì í nígbà tí ẹ̀rọ ń gún un? Ṣe bí òwú pupa ló ń já ṣáá?"

Ó fa àpótí kan súnmọ́ wa, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí kì í fẹ́ yà sí. Ìyàwó ń ṣí i, ọkọ ń pè é, ìyàwó ń tẹ orúkọ. Báàjì ilé-ìwé. Agbádá lèmọ́ọ̀mù.

"Ti ìyàwó pásítọ̀ nìyí."

"Rárá o, búlúù ni tiyẹn, jàre!"

Àwọn kan ò ṣí, àwọn kan jẹ́ ààbọ̀. Ìyàwó mí kanlẹ̀, ó ní òun á tún wọn yà.

Àfi bí ojú ọkùnrin kan tí wọ́n yà ṣe yọ, ó sùn, ó la ẹnu sílẹ̀, fìlà rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìyàwó sáré fọwọ́ bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Ta nìyẹn?" ọkọ bi í.

"Ọjọ́ tẹ́ ẹ sùn lọ lórí àga ni. Mo kàn ń dán ọwọ́ wò ni o."

Ọkọ rọra gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò, ó tẹ̀ síwájú. "Ṣé bí imú mi ṣe tóbi tó nìyí?"

"Mo tiẹ̀ dín in kù."

Ẹ̀rín tí ọkùnrin yẹn rín, ẹ̀rọ ló dì mú kó má baà ṣubú. Ó wá ní, "Orúkọ wo lo fẹ́ fún un?" Ìyàwó tẹ "Baálé mi" síbẹ̀. Ọkọ kà á, ó ṣí fìlà, ó tún dé e, ó ní òun ń lọ wo jẹnẹrétọ̀ nísàlẹ̀.

Kí Alààsárì tó wọlé, àwọn ẹ̀rọ ti ń ké. Aṣọ Iléyá bá ọjọ́ mu. Wọ́n ra díìsìkì kejì tí sáfà á máa ṣe ẹ̀dà sí, wọ́n sì ra bátìrì tí ò ní jẹ́ kó kú lójijì mọ́.

Mo ti tún àwọn sáfà tó ju ìyẹn lọ ṣe látìgbà náà, nínú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èèyàn di yìnyín, mi ò sì rántí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tí mo gbà tẹ́lẹ̀ ni pé ìjà tọkọtaya ò lè parí àfi tí ẹnì kan bá gbà pé òun jẹ̀bi, tàbí kí àgbà bá wọn dá a. Lọ́jọ́ yẹn, n ò gbọ́ kẹ́nì kankan sọ pé "má bínú". Iṣẹ́ ni wọ́n jọ dojú kọ.

Mo ti lọ́kọ báyìí, a sì máa ń ja tiwa. Tó bá wá dé ibi tá a ti ń rán ọmọ síra wa nínú yàrá kan náà, mo máa ń wá iṣẹ́ tí ọwọ́ ẹnì kan ò ká: bẹ́ẹ̀dì tá a fẹ́ gbé, ẹ̀wà tó pọ̀ tá a fẹ́ ṣà. A ò ní í ṣe é dé ìdajì tí ọkọ mi á fi ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é!" Èmi náà á fèsì. Àwọn ọmọ á wo ojú wa, wọ́n á sì bá eré wọn lọ.