Iṣu Ìṣákọ́lẹ̀ Kì í Padà Sóko

Ọ̀nà oko Fákọ̀yà sí Ẹdẹ kò jìn fún ẹni tí kò ru nǹkan. Ẹni tó bá gbé ẹrù iṣu lérí ló mọ̀ pé òkè wà níbẹ̀, pé odò wà níbẹ̀, pé oòrùn ibẹ̀ kò mojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀ṣúnwùmí mọ̀ ọ́n dáadáa. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá sílé ọkọ ló ti ń ru ẹrù lójú ọ̀nà yẹn: iṣu, igi ìdáná, obì, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ níkùn. Bí ẹ bá pàdé obìnrin gíga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti sán, tí ọrùn rẹ̀ le, tí kì í sọ ju "ẹ kú ọ̀nà" lọ, òun náà nìyẹn.

Fákọ̀yà ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílẹ̀. Ará Awo ni. Kí rélùwéè tó dé Ẹdẹ ló ti wá bá Làmídì, baba Bùràímọ̀, pé kí wọ́n fún òun nílẹ̀ dáko lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà. Làmídì fún un. Àdéhùn wọn kò gba ìwé. Lọ́dọọdún, bí iṣu tuntun bá ti jáde, Fákọ̀yà yóò ru ìṣákọ́lẹ̀ wá sílé onílẹ̀, ẹrù iṣu kan, kí ó fi sọ pé, "Mo mọ̀ pé orí ilẹ̀ yín ni mo wà." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ó tún tọrọ àyè láti gbin obì gbànja. Làmídì ní kí ó gbìn ín, pé ohun tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, tirẹ̀ ni àti ti ọmọ rẹ̀. Gbànja kì í kánjú so. Fákọ̀yà ń ro ìdí wọn, ó ń darúgbó lọ, Làmídì kú, Bùràímọ̀ ọmọ rẹ̀ sì di onílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni lùkúlùkú dé. Ẹ̀yin tí ẹ bá ayé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ dúpẹ́. Àìsàn tí ń mú ènìyàn níkọ́ láàárọ̀, tí wọ́n á sì ti máa gbẹ́ ilẹ̀ fún un kó tó di ọ̀túnla. Ó mú Fákọ̀yà àti àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, kò dá ọ̀kan sí. Ọ̀ṣúnwùmí náà dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ikú wò ó, ó ní òun ṣì ń bọ̀. Nígbà tó fi máa lè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, àkókò ebè ti kọjá. Ọdún náà, kò sí iṣu tó tó àwọn ọmọ tó kù jẹ, áḿbọ̀sì èyí tí wọn yóò rù lọ sí ilé onílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀lé e, òun nìkan ló kọ ebè, ìwọ̀nba tó ta náà ni wọ́n jẹ. Ọdún méjì gbáko ni ìṣákọ́lẹ̀ kò fi dé Ẹdẹ.

Ìgbà yẹn gan-an ni gbànja wá so. Bí ayé ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Rélùwéè ń kó obì lọ sí ilẹ̀ Haúsá, àwọn Gàm̀bàrí jókòó sí ìdíkọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ òfìfo, wọ́n ń bi gbogbo ẹni tó bá kọjá pé obì dà. Bùràímọ̀ gbọ́, Bùràímọ̀ sì rántí pé òun ní ilẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí opó Fákọ̀yà pé ẹni tí kò san ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ara àwọn mọ́, kí ó kó ẹrù rẹ̀ kúrò kí ọdún Iléyá tó pé. Kò sọ nǹkan kan nípa obì. Kò nílò kó sọ ọ́.

Ọ̀ṣúnwùmí jókòó sí ìdí ààrò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí oníṣẹ́ náà lọ. Kì í ṣe ẹkún ló ń sun. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó ń ro ibi tí yóò kó àwọn ọmọ lọ, ibi tí yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣán igbó. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́ fún un tààrà pé òun kò tún ṣán igbó mọ́.

Ògúndèyí tí oko rẹ̀ bá tiwọn pààlà ló wá bá a níbẹ̀. Àgbà ọkùnrin ni, ó ti san ìṣákọ́lẹ̀ fún Làmídì, ó sì ń san án fún Bùràímọ̀.

"Lọ bẹ̀ ẹ́," ni ó wí. "Pípẹ́ kì í ṣe sísẹ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. A kì í lé ẹni tó ń sọ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Ẹni tó bá ní tòun ni ni wọ́n ń lé."

"Bí wọn ò bá wá gbà á ńkọ́?"

"Fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ nìyẹn. Iṣu ìṣákọ́lẹ̀ kì í padà sóko. Bí o bá rù ú padà, tí o sè é, tí ìwọ àti àwọn ọmọ jẹ ẹ́, o ti fẹnu ara rẹ jẹ ilẹ̀ náà tán."

Bí iṣu ti jáde lọ́dún náà, Ọ̀ṣúnwùmí ṣa èyí tó dára jù, ó dì í, ó gbé e rù. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tó dé Ẹdẹ. Bùràímọ̀ jókòó lórí awọ àgùntàn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka tẹ̀súbáà. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, kò sanra, kò rù. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ó ń jalè tàbí pé kì í kírun. Ọ̀ṣúnwùmí sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ilé, Bàbá Ràṣídì. Ìṣákọ́lẹ̀ yín rèé. Mo mọ̀ pé ó pẹ́. Ẹ fi orí jì wá."

"Ọdún méjì," ni Bùràímọ̀ wí, kò gbójú sókè.

"Òkú ló wà nílẹ̀ fún wa."

"Òkú wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣé àwa ò sin òkú nínú ilé yìí ni? Rù ú padà, Ìyá Àbẹ̀kẹ́. Mi ò gbà á."

Ó dìde, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ọ̀ṣúnwùmí kò dìde. Ẹsẹ̀ ń ro ó, ilẹ̀ sì ń ṣú, ọ̀rọ̀ Ògúndèyí sì wà létí rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó na ẹsẹ̀.

Ibẹ̀ ni Sìmbíátù, ìyá Bùràímọ̀, ti jáde sí i. Arúgbó kékeré kan, ó ti tẹ̀ díẹ̀. Ó wò ó, ó wo ẹrù iṣu. Kò bi í ní ohunkóhun, nítorí gbogbo rẹ̀ ló ti gbọ́ láti inú ilé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú okùn ẹrù náà, ó mú iṣu kan tó gùn, ó gbé e mọ́ra wọ àgbàlá. Àwáwù ìyàwó Bùràímọ̀ ti lọ bímọ sílé baba rẹ̀, nítorí náà arúgbó yìí ló ń dáná fún ọmọ rẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí iṣu jinná, Ọ̀ṣúnwùmí gbọ́ odó. Ó gbọ́ bí ọmọ odó ti ń lọ, tí ó ń dúró, tí arúgbó náà ń mí. Ta ni yóò jókòó gẹlẹtẹ kí ìyá àgbà máa gúnyán? Ó gba ọmọ odó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Gún un kó kúnná," ni Sìmbíátù wí. "Kì í jẹ èyí tó ní kókó. Láti kékeré."

Ìgbà yẹn ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Ọ̀ṣúnwùmí ẹni tí àwọn ń gúnyán fún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè.

"Ìyá, iṣu tí wọ́n ní àwọn ò gbà nìyí."

"Mo mọ̀. Ọkọ mi ló fún ọkọ rẹ nílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, èmi ni mo bu omi fún wọn mu. Bí ó bá ti wọ ọ̀fun rẹ̀, ó ti wọ̀ ọ́ nìyẹn, Ọlọ́run rí i, ẹni tó ti lọ náà rí i. Inú rẹ̀ yóò rọ̀ tó bá yá." Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ojú rẹ ò rí nǹkan kan o. Abẹ́ òrùlé ọmọ mi ni mo wà. Mi ò ní ibòmíràn."

Ọ̀ṣúnwùmí ní òun ti gbọ́. Ó gún un títí ó fi kúnná. Bùràímọ̀ dé, ó wẹwọ́, ó jẹ iyán náà, ó jẹ ẹ́ dénú igbá, ó ní ti òní dùn. Ní ìdájí, Ọ̀ṣúnwùmí, tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ Sìmbíátù ní àgbàlá, fi ìyókù ẹrù sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mi apá méjèèjì lọ sóko. Bùràímọ̀ jí, ó rí iṣu, inú bí i. Ó gbé e sọ síta fún ewúrẹ́, ó sì pe Ọ̀ṣúnwùmí lẹ́jọ́.

Kóòtù ìbílẹ̀ nígbà náà, àwọn ìjòyè ni ń dá ẹjọ́, akọ̀wé kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àgbàlagbà ìjòyè tí ó ṣíwájú wọn lọ́jọ́ náà ń wúkọ́, ó dà bí ẹni pé òun náà fẹ́ lọ sùn. Ó jẹ́ kí Bùràímọ̀ rojọ́ tán. Ó jẹ́ kí Ọ̀ṣúnwùmí rojọ́. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò pọ̀: ó ní òun ṣàìsàn, òun ṣòfò, òun pẹ́, ṣùgbọ́n òun rù ú wá, òun kò sì rù ú padà.

"Ẹ gbọ́," ni ìjòyè náà wí. "Pípẹ́ kì í lé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀. Bí onílẹ̀ bá jẹ ìṣákọ́lẹ̀ tó pẹ́, ó ti dárí jì í, kò tún lè bì í. Bí kò bá jẹ ẹ́ rárá, ọ̀rọ̀ di méjì, nítorí ọdún mẹ́ta ni yóò jẹ́ tí nǹkan kan kò ti kọjá láàárín yín. A lè ní kó máa lọ, kí onílẹ̀ sì san owó obì rẹ̀ fún un. Bùràímọ̀, ǹjẹ́ o jẹ nínú iṣu yìí?"

"Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́. Ẹnu mi kò kàn án."

"Wàá lè búra?"

"Mo ti ṣe àlùwàlá kí n tó kúrò nílé."

Wọ́n gbé Kùránì wá. Ọ̀ṣúnwùmí wo ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù tí yóò sọ, oko á di tirẹ̀, àwọn ọmọ á rí ibi sùn. Ó sì ti sọ fún arúgbó kan pé ojú òun ò rí nǹkan. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ó rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Ó pa ẹnu mọ́. Ẹ lè pè é ní òmùgọ̀ bí ẹ bá fẹ́.

Bùràímọ̀ na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Má fọwọ́ kàn án." Láti ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Sìmbíátù tí ó tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ wá sí kóòtù ló dìde, ó di ògiri mú. "Má búra, ọmọ mi. O jẹ ẹ́. Iyán ọjọ́ yẹn tí o ní ó dùn, iṣu rẹ̀ ni. Èmi ni mo fún ọ jẹ."

Bùràímọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ìjòyè sì wò wọ́n, wọ́n dákẹ́. Ó ní ohun tí onílẹ̀ bá ti jẹ, kò ṣeé bì mọ́. Kí opó Fákọ̀yà máa bá oko rẹ̀ lọ, òun àti àwọn ọmọ, níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá ń mọ onílẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tán.

Ẹ̀yin á rò pé inú Ọ̀ṣúnwùmí dùn. Ó sùn ni. Ó dé oko, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní pẹ̀lú aṣọ ìlú lára, àwọn ọmọ rò pé lùkúlùkú ti padà dé.

Ọdún yípo. Iṣu jáde. Ọ̀ṣúnwùmí ṣa èyí tó dára, ó gbé e rù, kò sì pẹ́ rárá lọ́tẹ̀ yìí. Bùràímọ̀ wà lórí awọ àgùntàn rẹ̀. Ó dáhùn ìkíni, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ júwe àgbàlá.

"Gbé e fún un. Èmi kì í jẹ iyán mọ́."

Ọ̀ṣúnwùmí bá Sìmbíátù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Òjò ti rọ sínú odó náà, adìẹ ń mu ún. Arúgbó náà ti gbẹ. Ọmọ rẹ̀ kò lé e, rárá o, ó ń fún un ní oúnjẹ, ó ń kí i láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kóòtù, kò tíì jẹ ohun tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ sè. Àwáwù ló ń gbé àwo lọ fún un. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n lé lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, Ọ̀ṣúnwùmí sì rí i pé kì í ṣe òun.

"Ìyá, nítorí mi ni."

"Nítorí rẹ kọ́. Ìyá tó wà níbẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ búra èké." Ó wo ẹrù iṣu. "Ṣé ó rẹ̀ ọ́?"

Ó rẹ Ọ̀ṣúnwùmí púpọ̀. Ó da omi odó nù, ó fọ̀ ọ́. Wọ́n se iṣu, ó sì gún un, ó gún un títí kò fi sí kókó. Sìmbíátù fúnra rẹ̀ gbé igbá náà, ó gbé e ka iwájú ọmọ rẹ̀.

Bùràímọ̀ wo igbá náà.

"Ìyá, iṣu ta nìyí?"

"Iṣu ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ti oko Fákọ̀yà. Òun àti èmi la gún un."

Bùràímọ̀ nawọ́ sí ìyá rẹ̀ pé kí ó bu omi fún òun wẹwọ́. Ọ̀ṣúnwùmí kò dúró wò ó tán. Ilẹ̀ ti ń ṣú, ọ̀nà sì jìn, bí ènìyàn kò tilẹ̀ ru nǹkan.