Làálì Tí Òrí Kò Jẹ́ Kó Mú

Mo kìlọ̀ fún àbúrò mi. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kó bínú, n ó tún un sọ: mo kìlọ̀ fún un!

Ayé ìgbà SAP ni, tí owó ṣọ̀wọ́n. Yàrá kan la háyà ní Ìfọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà rélùwéè, ó sì ku ọ̀la kí àwọn àlùfáà so yìgì àbúrò mi. Màmá wa ti kú sí Ìwó kí a tó wá sí Ìfọ̀, nítorí náà èmi ẹ̀gbọ́n ni ìyá, èmi náà ni bàbá. Obìnrin ará Mòwé tí ì bá lé làálì fún un ti rìnrìn àjò. Mo ní kò sí wàhálà, èmi náà á lé e.

Ẹ̀rù àwọn obìnrin ilé ọkọ ló ń ba ọmọ náà. Ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì máa ń wo ẹsẹ̀ ìyàwó kí wọ́n tó wo ojú rẹ̀. Bí làálì bá mú dọ́gba, ìyàwó ní ẹni. Bí kò bá mú, wọ́n á ní kò lẹ́nìkan láyé.

Mo gún ewé làálì kúnná, mo fi omi gbígbóná pò ó. Mo ní kó fi kànìnkànìn fọ ẹsẹ̀, kó má sì fi ìpara kankan kàn án, torí làálì kì í mú lórí òróró. Ó ní òun ti gbọ́. Àmọ́ ọyẹ́ ń jà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì funfun bíi tẹni tó tẹ eérú, ọmọ yìí ò sì lè fara da ìyẹn láéláé. Kí n tó pọn omi dé, ó ti bu òrí pa á. Kò sọ fún mi. Mo lẹ làálì, mo fi náílọ́nù àti àkísà wé e, mo ń kọrin.

Nígbà tí a tú u láàárọ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì rí tó-tò-tó bí ara ẹtù.

"Kí lo fi pa ẹsẹ̀?"

"Òrí díẹ̀ ni, Àǹtí."

Inú bí mi, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń rín sí i. Mo rín in títí. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ń sunkún.

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní, "ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá egbò ẹ̀yìn."

A ò mọ̀ pé ìyá ọkọ ti dé ẹnu ọ̀nà, àti ìyàwó ilé wọn kan. A kúnlẹ̀ kí wọn. Àbúrò mi fẹ́ fi ìró bo ẹsẹ̀, ó ti pẹ́ jù. Ìyàwó ilé ti ń fọwọ́ bo ẹnu.

"Ta ni kò ní ìyá?" ni ìyá ọkọ bi í.

Wọ́n ká ìborùn wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n jókòó sórí ẹní, wọ́n ní kí n gbé ọṣẹ, kànìnkànìn àti omi gbígbóná wá. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà lé itan, lórí aṣọ tuntun tí wọ́n ró. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń bá mi wí pé làálì mi ti ki jù. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Wọ́n bu omi sí èyí tó ṣẹ́kù nínú abọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lé e.

Ọkùnrin kan kanlẹ̀kùn, ó ní àwọn àlùfáà ti pé, ìyàwó nìkan ló kù. Ìyá ọkọ ò gbójú sókè.

"Ẹ ní kí wọ́n máa jẹun ná," ni wọ́n wí. "Mò ń lé làálì fún ọmọ mi."